Igun Ni Ọgbọ́n Wà: Bí Wọ́n Ṣe Gbé Òrùlé Rògòdò Lé Ilé Orí Sàréè Láyé Àtijọ́

Púpọ̀ nínú wa ló ti rí irú ilé yìí nínú àwòrán bí a ò tiẹ̀ dé ibi tó wà rí: ilé onígun mẹ́rin tó dúró gbọin, òrùlé rògòdò lórí rẹ̀ bí igbá tí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀, sàréè ọba tàbí ti àgbà àfáà nínú rẹ̀. Taj Mahal ti ilẹ̀ Íńdíà ni gbogbo ayé mọ̀ jù, ṣùgbọ́n lẹ́yìn 1630 ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ ìyẹn. Àbúrò ni láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wà ní Bukhara, ní Merv, ní Soltaniyeh, ní Samarkand àti ní Cairo. Èyí tó wà ní Bukhara nínú wọn ti lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún.

Ohun tó máa ń rú àwọn ènìyàn lójú nípa àwọn ilé yìí pọ̀. Àwọn kan rò pé mọ́ṣáláṣí ni wọ́n. Àwọn kan rò pé òrùlé tí wọ́n rí ní ìta náà ni wọ́n máa rí tí wọ́n bá wọlé tí wọ́n gbójú sókè. Àwọn mìíràn rò pé inú àpótí òkúta tó wà láàárín yàrá ni òkú wà. Mo máa fọwọ́ kan gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí kì í sábà sọ sí ẹni tó ń wo àwòrán lọ́kàn, tó sì jẹ́ pé òun ló le jù: báwo ni ohun tó rí róbótó ṣe jókòó lé ohun tó ní igun mẹ́rin? Ẹni tó bá ti mọ ìdáhùn ìyẹn ti mọ ilé náà tán, torí náà ibẹ̀ ni mo ti máa pẹ́ jù.

Ilé kékeré kan ní Bukhara

Bukhara wà ní orílẹ̀-èdè Uzbekistan ti òní. Ní ọ̀rúndún kẹwàá, òun ni olú-ìlú àwọn ọba Samanid, àwọn Mùsùlùmí elédè Páṣíà tí wọ́n ń ṣàkóso ilẹ̀ rẹpẹtẹ ní Àárín Gbùngbùn Éṣíà lórúkọ káálífà tó wà ní Baghdad. Ismail Samani, tó jọba láti 892 títí ó fi kú ní 907, ni àwọn ènìyàn fi ń pe ilé náà, ṣùgbọ́n ti ìdílé rẹ̀ lápapọ̀ ni. Orúkọ ọmọ-ọmọ rẹ̀, Nasr kejì, tó jọba láti 914 sí 943, ni àkọlé ara ilé náà dá.

Ilé náà kò tóbi. Ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan rẹ̀ ní ìta kò ju nǹkan bíi mítà 11 lọ, inú yàrá sì jẹ́ nǹkan bíi mítà 7. Ìyókù tó wà láàárín, ògiri ló gbà á. Bíríkì sísun ni wọ́n fi kọ́ ọ láti ìsàlẹ̀ dé òkè, kò sí táìlì lára rẹ̀, kò sí ọ̀dà. Àwọ̀ kan ṣoṣo ló ní, àwọ̀ amọ̀ tó jiná dáadáa. Síbẹ̀ ojú kì í sú ẹni tó ń wò ó, torí bíríkì náà ni wọ́n sọ di ọ̀ṣọ́. Wọ́n tò ó ní ìbú níbì kan, wọ́n gbé e dúró lóòró níbòmíràn, wọ́n yọ òmíràn síta díẹ̀, wọ́n fa òmíràn sẹ́yìn. Tí oòrùn àárọ̀ bá kàn án, òjìji ló máa ń ya iṣẹ́ ọnà náà jáde. Tí oòrùn bá yí sí apá kejì, iṣẹ́ ọnà náà á tún rí bákan mìíràn. N kò tíì rí ọ̀ṣọ́ mìíràn tí wọ́n fi ohun tó kéré tó báyìí ṣe tó pọ̀ tó báyìí.

Ẹnu-ọ̀nà wà ní ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ọ̀kan kò tóbi ju èkejì lọ. Mùsùlùmí kọ́ ló dá èyí sílẹ̀. Kí ẹ̀sìn Ìsìláàmù tó dé, àwọn ará Páṣíà ti ń kọ́ ilé olójú mẹ́rin tí òrùlé rògòdò wà lórí rẹ̀, tí wọ́n ń tọ́jú iná mímọ́ sí. Nígbà tí àwọn ọmọ ilẹ̀ náà gba ẹ̀sìn tuntun, ọwọ́ àwọn bíríkìlà wọn kò gbàgbé iṣẹ́.

Láti igun mẹ́rin sí mẹ́jọ

Ẹ mú bébà àti bírò. Ká ní yàrá yín jẹ́ mítà 7 ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, gẹ́gẹ́ bíi ti Bukhara. Ẹ ya igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ̀, kí ẹ wá ya òbìrìkìtì tó tóbi jù lọ tó lè gba inú rẹ̀. Òbìrìkìtì yẹn ni etí òrùlé yín. Ẹ ó rí i pé ó fara kan ògiri mẹ́rẹ̀ẹ̀rin láàárín gbùngbùn wọn. Níbẹ̀, kò sí wàhálà: etí òrùlé wà lórí ògiri, ògiri ń gbé e.

Àmọ́ ẹ wo igun. Láti àárín yàrá dé ara ògiri jẹ́ mítà 3.5, ṣùgbọ́n láti àárín yàrá dé igun jẹ́ nǹkan bíi mítà 4.95. Àlàfo tó wà láàárín etí òrùlé àti igun ògiri wá jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 145, ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Kò sí nǹkan kan lábẹ́ etí òrùlé níbẹ̀ àfi afẹ́fẹ́. Bíríkìlà tó bá to bíríkì síbẹ̀, ilẹ̀ ni bíríkì náà ń bọ̀.

Ohun tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n dá igun náà lọ́nà. Ní òkè ògiri, wọ́n kọ́ ááṣì kan (orí ẹnu-ọ̀nà tó tẹ̀ bí ọrun ni mò ń pè bẹ́ẹ̀, bí àwọn bíríkìlà wa ṣe ń pè é) láti ara ògiri kan bọ́ sí ara ògiri kejì, ó sì gba iwájú igun kọjá ní ìdábùú. Wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ẹ fa ìlà mẹ́rin yẹn sórí bébà yín. Ohun tó jẹ́ igun mẹ́rin ti di igun mẹ́jọ, ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ nǹkan bíi mítà 2.9. Ẹ tún wọn àlàfo tó kù láàárín etí òrùlé àti igun tuntun: sẹ̀ǹtímítà 145 ti di 29 péré.

Wọ́n á tún dá igun mẹ́jọ náà lọ́nà, lọ́tẹ̀ yìí pẹ̀lú bíríkì díẹ̀ tàbí ááṣì kéékèèké, igun á di mẹ́rìndínlógún. Àlàfo á wá ku nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 7. Ìyẹn kò le fún bíríkìlà rárá. Kó kàn yọ ìlà bíríkì mélòó kan síta díẹ̀díẹ̀ ni, etí òrùlé ti rí ibi jókòó lé yípo. Kò sí ẹni tó nílò ìṣirò ìwé kankan láti ṣe èyí. Okùn àti èèkàn tó ẹni tó mọ̀ ọ́n lò láti ya gbogbo rẹ̀ sílẹ̀.

Ní Bukhara, ẹ jẹ́ ká tún sún mọ́ igun náà, torí àwọn tó kọ́ ọ ṣe ju ohun tó pọn dandan lọ. Ááṣì tó dá igun lọ́nà kò dá nìkan ṣiṣẹ́. Láti inú kọ̀rọ̀ gan-an, ìdajì ááṣì kan yọ wá, ó fi orí ti ááṣì ìdábùú náà láti ẹ̀yìn kó má baà yẹ̀. Ọ̀tún àti òsì ìdajì ááṣì yìí wá ṣí sílẹ̀, ìmọ́lẹ̀ sì ń gba ibẹ̀ wọlé láti ojúlé kéékèèké tó yí òkè ilé náà ká ní ìta, mẹ́wàá ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Igun yàrá ló yẹ kó ṣókùnkùn jù nínú ilé, òun ni wọ́n wá sọ di ibi tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé. Lórí ògiri mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, láàárín ááṣì igun kan àti èkejì, wọ́n tún ya ááṣì mìíràn tó jọ tiwọn ní ìwọ̀n. Ẹni tó dúró láàárín yàrá tó wòkè, ááṣì mẹ́jọ tó yí ká ló máa rí, kò sì ní tètè mọ èyí tó ń gbé ẹrù ńlá àti èyí tó kàn wà níbẹ̀ kí ojú lè gún.

Ọgbọ́n dídá igun lọ́nà yìí ti pẹ́ gan-an. Ó wà ní ààfin tí Ardashir kìíní, ọba Páṣíà, kọ́ sí Firuzabad ní ọ̀rúndún kẹta, ọ̀pọ̀ ọdún kí wọ́n tó bí Ànábì Muhammad. Àwọn ará Róòmù ti ìlà-oòrùn gba ọ̀nà mìíràn. Ní Hagia Sophia, tí wọ́n parí ní 537 ní ìlú tó di Istanbul lónìí, orí òpó mẹ́rin ni wọ́n ti jẹ́ kí ògiri onígun mẹ́ta máa tẹ̀ wá síwájú bó ṣe ń gòkè, títí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fi pàdé tí wọ́n di òbìrìkìtì. Àwọn Ottoman ti ilẹ̀ Tọ́kì tẹ̀lé ọ̀nà yẹn lẹ́yìn náà. Ṣùgbọ́n ní ilẹ̀ Páṣíà àti Àárín Gbùngbùn Éṣíà, ááṣì igun ló jọba.

Ẹrù náà kì í lọ sísàlẹ̀ nìkan

Ká ní òrùlé ti jókòó. Wàhálà kejì ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni, torí òrùlé rògòdò kì í tẹ ògiri mọ́lẹ̀ nìkan, ó tún ń tì í síta. Apá òkè rẹ̀ fẹ́ rì, apá ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì fẹ́ là sẹ́gbẹ̀ẹ́. Bíríkì lè gba kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ dé ibi tó jọni lójú, ṣùgbọ́n kò lè gba kí wọ́n fà á. Ìdí nìyẹn tí òrùlé rògòdò tó bá ti rẹ̀ fi máa ń sán láti etí lọ sókè, kì í sán láti orí wá sísàlẹ̀.

Lóde òní, irin ló ń gba ìfà yẹn. Púpọ̀ nínú òrùlé rògòdò tí à ń rí lórí mọ́ṣáláṣí ní Èkó, Ìbàdàn tàbí Ìlọrin jẹ́ kọnkéré tí irin rọ́ọ̀dù wà nínú rẹ̀, tàbí páànù tí wọ́n kàn mọ́ irin. Bíríkìlà Bukhara kò ní irú irin bẹ́ẹ̀. Ohun tó ní ni ìwúwo, ó sì lò ó dáadáa. Ó jẹ́ kí ògiri nípọn débi pé ìtì òrùlé kò lè jáde láti ara rẹ̀ kó tó dé ilẹ̀. Ó jẹ́ kí ògiri náà fà sínú díẹ̀ bó ṣe ń ga, tí ìsàlẹ̀ fi fẹ̀ ju òkè lọ. Ó gbé òrùlé rògòdò kéékèèké mẹ́rin lé igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ẹwà nìkan ni irú nǹkan bẹ́ẹ̀ wà fún, ṣùgbọ́n ohunkóhun tó bá wúwo tí wọ́n gbé lé ibi tí òrùlé ti ń ti ògiri, ó máa ń yí ìtì náà padà sí ìsàlẹ̀.

Ohun mìíràn tún ni bí òrùlé ṣe rí lójú. Èyí tó ṣe ṣóńṣó díẹ̀ lókè kì í ti ògiri síta tó èyí tó jẹ́ ìdajì òbìrìkìtì gẹ́lẹ́. Ìdí kan nìyẹn tí ọ̀pọ̀ òrùlé ilẹ̀ Páṣíà lẹ́yìn ìgbà yẹn fi ga tí orí wọn sì ṣe ṣóńṣó. Wọ́n tún máa ń jẹ́ kó nípọn nísàlẹ̀, kó máa fẹ́lẹ́ bó ṣe ń lọ sókè.

Ìbéèrè kan wà tí ó dá mi lójú pé bíríkìlà tó bá ka èyí ti ń bi ara rẹ̀: pákó wo ló ń gbé òrùlé náà dúró nígbà tí wọ́n ń kọ́ ọ? Igi ńlá kò pọ̀ ní àwọn ilẹ̀ gbígbẹ yẹn, torí náà wọ́n kọ́ bí wọ́n ṣe lè kọ́ òrùlé láìfi pákó gbé e. Wọ́n máa ń to bíríkì ní òrùka, òrùka kan lórí èkejì, òrùka tòkè kéré díẹ̀ ju ti ìsàlẹ̀ lọ. Wọ́n fi gípsọ́mù pò ó, torí gípsọ́mù tètè ń gan, bíríkì á ti di mú kí bíríkìlà tó yọwọ́ tán. Nígbà tí òrùka kan bá pé yípo, kò lè já wálẹ̀ mọ́, nítorí kí bíríkì kan tó lè ṣubú sínú, ó ní láti gba àárín àwọn ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ kọjá, kò sì sí àyè. Gbogbo wọn ló fún ara wọn mọ́ra. Ewu wà nígbà tí òrùka kò tíì pé. Bó bá ti pé, bíríkìlà lè tẹsẹ̀ lé e kó máa kọ́ èyí tó kàn.

Nígbà tí igun di iṣẹ́ ọnà

Àwọn tó wá lẹ́yìn kò fi igun sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ní abúlé kan tó ń jẹ́ Tim, ní Uzbekistan kan náà, ilé orí sàréè kan wà tí wọ́n ń pè ní Arab-Ata, tí wọ́n kọ́ láàárín 977 sí 978. Níbẹ̀, wọn kò fi ááṣì kan dá igun lọ́nà mọ́. Wọ́n pín in sí mẹ́ta, àwọn kékeré méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́, èyí tó ga láàárín. Láti ìgbà náà lọ, ìpín náà bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ sí i, mẹ́ta di mẹ́fà, ọ̀wọ́ kan di ọ̀wọ́ mẹ́rin, títí igun fi kún fún kọ̀rọ̀ kéékèèké tó gun ara wọn lórí. Iṣẹ́ yìí ni wọ́n ń pè ní muqarnas, kò sì sí ibi tó kù tí kò dé ní ilẹ̀ Mùsùlùmí, láti Íńdíà títí dé Spain.

Ẹ má jẹ́ kó tàn yín o. Ní ìbẹ̀rẹ̀, àwọn kọ̀rọ̀ yẹn ń ṣe iṣẹ́ igun lóòótọ́. Nígbà tó yá, ní ọ̀pọ̀ ibi, gípsọ́mù ni wọ́n fi ń mọ wọ́n, tí wọ́n á so wọ́n rọ̀ mọ́ abẹ́ òrùlé, tí wọn kò sì gbé nǹkan kan. Ẹrù ń gba ẹ̀yìn wọn kọjá.

Ọ̀nà mìíràn tún wà láti bọ́ lọ́wọ́ wàhálà igun: kí wọ́n má tilẹ̀ kọ́ igun mẹ́rin láti ìpìlẹ̀. Ohun tí Öljaitü ṣe ní Soltaniyeh, ní Ìráànì ti òní, nìyẹn. Ọba Mongol ni, àtọmọdọ́mọ Genghis Khan, tó jọba lórí Páṣíà láti 1304 sí 1316, tó sì gba ẹ̀sìn Ìsìláàmù. Igun mẹ́jọ ni wọ́n kọ́ sàréè tirẹ̀ láti ilẹ̀, wọ́n sì parí rẹ̀ ní nǹkan bí 1312. Òrùlé rẹ̀ fẹ̀ tó nǹkan bíi mítà 25, orí rẹ̀ ga tó nǹkan bíi mítà 50 láti ilẹ̀, òpó ṣóńṣó mẹ́jọ sì yí i ká lókè. Ká ní igun mẹ́rin ni wọ́n kọ́, àlàfo igun kọ̀ọ̀kan ì bá ju mítà 5 lọ. Nítorí pé igun mẹ́jọ ni, àlàfo náà kò ju mítà kan àti díẹ̀ lọ. Ní báyìí, ẹ ti mọ ohun tí òpó mẹ́jọ yẹn ń ṣe níbi tí wọ́n dúró sí.

Òrùlé méjì, ọ̀kan nínú èkejì

Ní Samarkand, níbi tí wọ́n sin Timur, ọba ajagunṣẹ́gun Àárín Gbùngbùn Éṣíà, sí ní 1405, ẹni tó bá wà ní ìta máa rí òrùlé aláwọ̀ búlúù tó ga fíofío, tí ara rẹ̀ ní ìlà tó yọ síta láti ìsàlẹ̀ dé ṣóńṣó. Ó máa wọlé, á gbójú sókè, á sì rí òrùlé aláwọ̀ wúrà tó sún mọ́ ọn ju bó ṣe rò lọ. Ojú rẹ̀ kò tàn án. Òrùlé méjì ló wà níbẹ̀, àlàfo ńlá sì wà láàárín wọn tí àlejò kì í rí.

Ìdí rẹ̀ kò ṣòro. Ọba fẹ́ kí wọ́n máa rí sàréè òun láti ọ̀nà jíjìn, torí náà òrùlé gbọ́dọ̀ ga. Ṣùgbọ́n tí inú yàrá kékeré bá ga tó bẹ́ẹ̀, inú kànga ni ẹni tó wọlé máa rò pé òun wà. Wọ́n wá kọ́ ọ̀kan fún ìta, wọ́n kọ́ ọ̀kan fún inú. Òrùlé ìta ń gba òjò, yìnyín àti ooru. Ti inú wà ní gbígbẹ, kíkùn àti ọ̀ṣọ́ ara rẹ̀ kò bàjẹ́. Ó tún ń dín ẹrù kù, nítorí bíríkì méjì tó fẹ́lẹ́ fúyẹ́ ju ọ̀kan tó nípọn láti inú dé ìta. Nínú irú àlàfo báyìí, àwọn bíríkìlà ìgbà Timur máa ń kọ́ ògiri tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń di òrùlé ìta mú kí atẹ́gùn má baà yẹ̀ ẹ́.

Timur kọ́ ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ilé orí sàréè méjì tó wà ní Kharraqan ní Ìráànì, tí wọ́n kọ́ ní 1067 àti 1093, ti ní òrùlé méjì-méjì. Ní Merv, tó wà ní Turkmenistan báyìí, ilé orí sàréè Sultan Sanjar, tó kú ní 1157, ní tirẹ̀ pẹ̀lú. Yaqut, òǹkọ̀wé arìnrìn-àjò tó gbé ní Merv kí àwọn Mongol tó pa ìlú náà run ní 1221, kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹni tó ṣì ku ìrìn ọjọ́ kan kó dé ìlú ti máa ń rí òrùlé búlúù náà. Òrùlé ìta yẹn ti wó tipẹ́. Ti inú ló ṣẹ́kù, òun náà sì tóbi tó láti ya ènìyàn lẹ́nu: ó fẹ̀ tó nǹkan bíi mítà 17.

Ní Cairo, wọ́n gba ọ̀nà tó yàtọ̀ pátápátá. Imam al-Shafi'i kú síbẹ̀ ní 820. Akẹ́kọ̀ọ́ Imam Malik ni, ẹni tí ọ̀pọ̀ àfáà ilẹ̀ Yorùbá ń tẹ̀lé ìlànà rẹ̀. Ní 1211, al-Kamil, tó di Sultan lẹ́yìn náà, kọ́ ilé ńlá sórí sàréè náà. Igi ni wọ́n fi ṣe òrùlé rògòdò rẹ̀, wọ́n sì fi òjé bò ó lórí. Igi kì í ti ògiri síta bíi ti bíríkì, torí náà òrùlé lè fẹ̀ gan-an láìjẹ́ pé ògiri nípọn jù. Ọkọ̀ ojú omi kékeré kan tí wọ́n fi bàbà ṣe wà ní téńté orí rẹ̀ títí dòní.

Níbo ni òkú wà, ṣé ó sì tọ́ kí ilé wà lórí rẹ̀?

Ilé orí sàréè kì í ṣe mọ́ṣáláṣí. Àwọn míì nínú wọn ní ibi tí wọ́n fi ń mọ apá tí Mẹ́kà wà, a sì máa ń rí mọ́ṣáláṣí tàbí ilé-kéú lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ṣùgbọ́n nítorí ẹni tí wọ́n sin ni wọ́n ṣe kọ́ ọ. Àpótí òkúta tí àlejò sì máa ń rí láàárín yàrá, àmì lásán ni lọ́pọ̀ ìgbà. Lórí sàréè Timur, òkúta jéèdì kan tí àwọ̀ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dúdú ló wà nínú yàrá òkè. Yàrá mìíràn wà nísàlẹ̀ rẹ̀, nínú ilẹ̀, ibẹ̀ ni òkú rẹ̀ wà gan-an. Ibẹ̀ ni Gerasimov, onímọ̀ nípa egungun ènìyàn, àti àwọn onímọ̀ ìjọba Soviet mìíràn ṣí ní oṣù kẹfà ọdún 1941.

Ìbéèrè tó gbóná ni bóyá ó tọ́ rárá. Hádíìsì kan wà tí Jabir, ọ̀kan nínú àwọn sàábé Ànábì, gbà wá, tó wà nínú àkójọ hádíìsì Imam Muslim, pé Ànábì Muhammad (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) kọ̀ kí wọ́n máa rẹ́ sàréè, kí wọ́n máa jókòó lé e lórí, tàbí kí wọ́n kọ́lé sórí rẹ̀. Àwọn onímọ̀ ẹ̀sìn kò fẹnu kò lórí bí òfin náà ṣe le tó àti ibi tó dé. Àwọn kan ní èèwọ̀ pátápátá ni. Àwọn kan ní kò dára ṣùgbọ́n kò dé èèwọ̀, tàbí pé orí ilẹ̀ ìsìnkú gbogbogbòò ni kò ti yẹ, kí ilé má baà gba àyè ẹlòmíràn. Àwọn ọba kò dúró gbọ́ àríyànjiyàn náà tán. Láti ọ̀rúndún kẹsàn-án ni irú ilé yìí ti bẹ̀rẹ̀ sí í yọjú. Qubbat al-Sulaybiyya tó wà ní Samarra ní Ìráákì ni ọ̀pọ̀ onímọ̀ kà sí àgbà wọn tó ṣì dúró. Lẹ́yìn náà, ó tàn kálẹ̀ láàárín Sunni àti Shia bákan náà.

Àríyànjiyàn yẹn kò parí sínú ìwé. Ní 1806, àti lẹ́ẹ̀kejì láàárín 1925 sí 1926, wọ́n wó àwọn òrùlé rògòdò orí sàréè tó wà ní al-Baqi, ilẹ̀ ìsìnkú kan ní Mẹ̀dínà. Ní 2014, àwọn ọmọ ogun ISIS fi bọ́ǹbù wó ilé orí sàréè Imam al-Dur, nítòsí Samarra, ilé ọ̀rúndún kọkànlá tó jẹ́ pé kọ̀rọ̀ muqarnas ni gbogbo òrùlé rẹ̀ láti etí dé ṣóńṣó. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ Mùsùlùmí tó gba hádíìsì yẹn gbọ́ ni kò fẹ́ràn kí wọ́n kọ́ irú ilé bẹ́ẹ̀ lónìí. Ṣùgbọ́n bíríkìlà tó kọ́ ti Imam al-Dur ní nǹkan bí 930 ọdún sẹ́yìn fi iṣẹ́ kan lélẹ̀ tí kò sí èkejì rẹ̀, ó sì dùn mí pé bọ́ǹbù ló gbẹ̀yìn rẹ̀.

Nǹkan mìíràn tún ń ba àwọn tó kù jẹ́. Ní oṣù kẹfà ọdún 2002, ìmìtìtì ilẹ̀ ṣe àwọn ilé méjèèjì tó wà ní Kharraqan léṣe gan-an, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ti dúró fún ohun tó lé ní 900 ọdún. Ní Bukhara, omi abẹ́ ilẹ̀ ni ọ̀tá. Omi náà ní iyọ̀, bíríkì ń fà á gòkè láti ìpìlẹ̀, omi á gbẹ lójú ògiri, iyọ̀ á kù sínú bíríkì, á sì máa fọ́ ọ láti inú. Nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba Soviet bẹ̀rẹ̀ sí í tún ilé àwọn Samanid ṣe láàárín 1920 sí 1940, ilẹ̀ ti ga dé ara ògiri, sàréè mìíràn sì ti kún ibẹ̀ yípo. Wọ́n wú ilẹ̀ náà kúrò títí wọ́n fi rí ẹsẹ̀ ilé náà, wọ́n sì sọ àyíká rẹ̀ di ọgbà ìgbafẹ́. Àwọn àtúnṣe tí wọ́n ṣe nígbà náà, àti èyí tí wọ́n ń ṣe látìgbà náà, púpọ̀ nínú wọn kì í ṣe ti òrùlé. Ẹsẹ̀ ògiri ni wọ́n ń tọ́jú.